Àgbò Tó Ń Jẹun Tí Kò Sanra: Bí Mo Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ̀dọ̀ Àwọn Ẹran Mi ní Sábẹ̀

Oṣù márùn-ún ni mo fi bọ́ àgbò kan de Iléyá. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ló ń jẹ, pẹ̀lú ewé ẹ̀pà àti èérí sóyà tí mo ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe wàrà sóyà ládùúgbò wa ní Sábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin. Kì í fi oúnjẹ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, egungun ni mo ń bá. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wà lórí ìso ti yọ ìdí, òun ṣì rí bí ẹni tí wọ́n ń bá jẹ nínú abọ́ rẹ̀.

Alápatà ni baálé mi. Láàárọ̀ ọdún, ó bó ẹran náà, ó la inú rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá pè mí: "Ìyá àwọn ọmọ, wá wo àwọn tí ò ń bọ́ látọjọ́ yìí." Ó gbé ẹ̀dọ̀ lé ọwọ́ kan, ó fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ ojú ibi tó gé. Aràn pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde láti inú àwọn ihò tí òróòro ń gbà. Wọ́n rí bí ewé tó rọ, àwọ̀ wọn dà bí eérú tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́, òmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìka ọwọ́ mi. Mo gbé abọ́, mo jókòó, mo kà wọ́n. Wọ́n jẹ́ 87.

Àwọn dókítà ẹran ní ìlú wa ń fi èdè Faransé pè é ní douve. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Fasciola gigantica. Aràn ẹ̀dọ̀ ni mo ń pè é. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, mo kọ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀bẹ baálé mi, mo kọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran kan tó ní sùúrù, ikú àwọn ẹran mi ló kọ́ mi ní ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí màlúù nítòsí odò tàbí àbàtà ni mo ń kọ ọ́ sí, kí ẹ má baà fi ẹran kọ́ ọ bíi tèmi.

Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń fi oúnjẹ ṣe

Bí ènìyàn bá jẹ iyán, inú ìfun ni iyán náà ti ń di ṣúgà tó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ti ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko tí àgùntàn gbé mì á kọ́kọ́ wọ àpòlùkù ńlá, àìmọye ẹ̀dá tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀ á sì mú un kan, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Omi kíkan tó ti inú rẹ̀ jáde ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, ṣúgà tó ń bá a lọ kò tó nǹkan. Ọ̀kan nínú àwọn ohun kíkan yìí, tí wọ́n ń pè ní propionate, á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì sọ ọ́ di ṣúgà. Ṣúgà yẹn ni ọpọlọ ń lò. Òun ni ọmọ inú oyún ń jẹ, òun náà ni ọmú fi ń ṣe wàrà. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ṣúgà tí àgùntàn ń lò lóòjọ́, ẹ̀dọ̀ ló ṣe é. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ á kó o pamọ́ sára, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú aká, de ìgbà tí oúnjẹ bá wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ tí ẹran jẹ kò fi tíì di ti ẹran náà àfi tí ẹ̀dọ̀ bá ti fọwọ́ kàn án. Abọ́ tó ṣófo kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ aràn ń ṣe nígbà tó bá dé ibẹ̀. Kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ nígbà tó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń hú ẹ̀dọ̀ bí òkété ṣe ń hú ilẹ̀, ó ń jẹ ibi tó bá gbà kọjá, ó sì ń dàgbà bó ṣe ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni yóò fi máa rìn bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá kọjá á kú, ẹ̀jẹ̀ á dà síbẹ̀, ara á wá fi àpá dí i. Àpá kì í ṣe ṣúgà, kì í sì í kó nǹkan pamọ́. Aká ń kéré sí i lójoojúmọ́ nìyẹn. Kódà ibi tí aràn kò tíì dé kì í ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀: nínú àwọn eku tí wọ́n fi aràn ẹ̀dọ̀ ṣàyẹ̀wò, wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ wọn ń jó oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n okun tó yẹ kó ti inú rẹ̀ jáde kò pé. Ó dà bí ìgbà tí igi ń jó lábẹ́ ìkòkò tí omi kò hó.

Abo tó lóyún ìbejì ló ń jìyà èyí jù. Ní oṣù tó kẹ́yìn oyún, ṣúgà tí àwọn ọmọ inú ń fà pọ̀ gan-an. Bí ẹ̀dọ̀ ìyá wọn kò bá lè ṣe tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá, ọ̀rá á ya wọ inú ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì kún fún oríṣi májèlé kan. Mo ní abo kan tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó gbé orí sókè bí ẹni tó ń wo ìràwọ̀ lọ́sàn-án, tí èémí rẹ̀ ń run bí èso tó ti pọ́n jù. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. Ó kú ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú ọmọ méjì nínú. Nígbà tí a là á, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yí sí àwọ̀ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi epo díẹ̀ pò, aràn sì wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ti albumin. Ọ̀kan lára àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì síbòmíràn tí ara ti ń ṣe é àyàfi inú ẹ̀dọ̀. Òun ló ń di omi mú nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kó má baà ṣàn kiri. Nígbà tí aràn bá ti dàgbà, á jókòó sínú ihò òróòro, á máa mu ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan lè fa ẹ̀jẹ̀ tó ìdajì mílílítà nù lóòjọ́. Ẹ fi 87 ṣírò rẹ̀, ó ń lọ sí mílílítà 43 lójúmọ́ kan, lára àgbò tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò pé lítà méjì. Albumin ń bá ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ, ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó ṣe òmíràn sì ti di àpá. Omi á wá jò sábẹ́ àgbọ̀n, á gbá jọ síbẹ̀ bí àpò.

Ti òróòro fúnra rẹ̀ kò gùn: òun ló ń bá ìfun da ọ̀rá oúnjẹ, ihò tí aràn bá sì dí, á nípọn, á le. Ti màlúù máa ń le débi pé ọ̀bẹ baálé mi á máa ké lórí rẹ̀ bí ìgbà tí a ń gé ìkarahun.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí àwa tó ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ẹran kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ẹ̀dọ̀ ló ń gba ipa tó tóbi nínú pípa májèlé inú ẹ̀gẹ́ tútù. Òun náà ló ń tú òògùn tí a bá fún ẹran, tó ń jẹ́ kó jáde kúrò lára. Ẹ̀dọ̀ tí aràn ti bà jẹ́ ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, nítorí náà òògùn ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá rí i pé ẹran òun kò gbádùn, tó wá sọ òògùn di ìlọ́po méjì kó lè tètè ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ló ń di ẹrù kún ẹrù fún.

Ibi tó ti ń wá

Láti odò ni. Ìgbẹ́ ẹran tó ní aràn á bọ́ sómi, ẹyin inú rẹ̀ á pa lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ohun tó jáde nínú rẹ̀ á sì máa wá ìṣáwùrú kiri. Bí kò bá rí i láàárín ọjọ́ kan, ó kú nìyẹn. Bó bá rí i, á wọ inú rẹ̀, á máa bí síbẹ̀ fún oṣù kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan á di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Wọ́n á wá jáde, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ìdí koríko àti ìdí ìrẹsì, wọ́n á fi awọ bo ara wọn, wọ́n á dúró de ẹnu tó máa já koríko náà. Láti inú ìfun, ọmọ aràn á dá ìfun lu, á gba inú ikùn kọjá, á dá ẹ̀dọ̀ lu láti ẹ̀yìn.

Kì í ṣe gbogbo ìṣáwùrú ló ń gbé e. Èyí tó ń gbé e níhà ọ̀dọ̀ wa ni Lymnaea natalensis. Ẹ mú ìkarahun rẹ̀, ẹ kọ ṣóńṣó rẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Bí ẹnu náà bá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín, tí ìkarahun náà fẹ́lẹ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tóbi ju òkè rẹ̀ lọ fíìfíì, ẹ fura sí àbàtà yẹn. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ òsì, Bulinus ni. Òun kọ́ ló ń gbé aràn ẹ̀dọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń gbé àrùn tí ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ òfìfo wọ ibẹ̀. Mo máa ń ṣa mẹ́wàá sí ogún nínú ike kí n tó jẹ́ kí ẹran dé ibi omi tuntun. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà òjò ni ewu wà. Ní Sábẹ̀, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Nígbà òjò, koríko wà káàkiri, kò sí ìdí tí ẹran fi máa wọ àbàtà. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lé wọn lọ síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹta, gbogbo òkè ti gbẹ, àwọn òkúta ńlá Sábẹ̀ ń gbóná bí ìdáná, etí odò Ọ̀pàrá àti ti Ouémé nìkan ló ṣì ní ewé tútù. Màlúù àwọn Fúlàní tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè náà ń kó jọ síbẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń mu omi, tí wọ́n ti ń yàgbẹ́, tí wọ́n ti ń jẹko.

Bí ẹ ṣe máa rí i kó tó pẹ́

Ẹ má wo ẹran láàárọ̀ nìkan. Omi abẹ́ àgbọ̀n ń hàn jù lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹran ti fi orí sílẹ̀ jẹko látàárọ̀. Bó bá sun mọ́jú, ó lè ti fà sẹ́yìn. Fún ìdí yìí, ẹni tó ń wo ẹran rẹ̀ láàárọ̀ nìkan lè máa kọjá lára àìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo bá ń so wọ́n mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni mo ń fi ọwọ́ gbá abẹ́ àgbọ̀n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá rọ̀, tó tutù, tí ìka mi bá sì fi kòtò sílẹ̀ níbẹ̀, mo ti mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ojú. Ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó yẹ kó pupa bí inú ẹnu ọmọ tó lára le. Bó bá ti ń funfun, ẹ̀jẹ̀ ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ lè má jẹ́ láti ẹ̀dọ̀. Aràn mìíràn wà, Haemonchus, tí ń gbé nínú àpòlùkù kẹrin, tó rí bí òwú pupa àti funfun tí a lọ́ mọ́ra. Òun náà ń mú ojú funfun, ó ń mú abẹ́ àgbọ̀n wú. Bí ẹran tí kò dé etí omi rí bá ní àmì yìí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí nítorí òògùn. Levamisole àti ivermectin ń pa Haemonchus níbi tí kò bá tíì mọ́ ọn lára, wọn kì í ṣe nǹkan kan fún aràn ẹ̀dọ̀. Ọkùnrin kan tó ń gbé òògùn kiri lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ ọjà ti ta ivermectin fún mi rí, ó ní kò sí aràn tí kì í pa. Mo gbà á gbọ́. Oṣù méjì ni mo pàdánù sórí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn.

Ohun tó ń fi òótọ́ hàn ni ìgbẹ́. Mo ń wọ ọ̀rá mọ́wọ́ láàárọ̀ kùtù, mo ń yọ ìgbẹ́ láti ìdí ẹran márùn-ún, kì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀, mo ń kó wọn sí ike kéékèèké, mo ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran kí oòrùn tó ràn. Ẹ sọ fún wọn pé aràn ẹ̀dọ̀ ni ẹ ń wá. Ẹyin rẹ̀ wúwo, ó ń rì sísàlẹ̀ omi. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ẹyin aràn yòókù léfòó kò lè gbé e sókè. Wọ́n ní láti po ìgbẹ́ náà mọ́ omi, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n jẹ́ kó rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí wọ́n da òkè nù, kí wọ́n tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Nínú míkírósíkópù, ẹyin náà ń tàn bí wúrà. Ẹyin kan jọ ọ́ tí kò ní àwọ̀ wúrà yìí: ti aràn tó ń gbé inú àpòlùkù ńlá ni.

Ẹ sì rántí èyí: bí wọn kò bá rí ẹyin, kò túmọ̀ sí pé aràn kò sí. Ó ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí aràn ẹ̀dọ̀ tiwa tó dàgbà tó láti yé ẹyin. Ní gbogbo ìgbà yẹn ló ń hú ẹ̀dọ̀.

Ọjọ́ orí aràn

Mo kó àwọn abo mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi lẹ́bàá Ọ̀pàrá ní ìparí ọdún kan, nítorí koríko ti tán nílé. Ní oṣù kejì, mo fún gbogbo wọn ní òògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole, mo ṣe é dáadáa, mo wọn kílò wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀kan ṣubú kú láìsí àmì kankan lára rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kò wú, kò rù. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, méjì tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí baálé mi la àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kún inú ikùn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì rí bí ohun tí wọ́n fi ìṣó lu káàkiri. Kò sí aràn ńlá kan nínú ihò òróòro. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹran ẹ̀dọ̀.

Mo gbé ẹ̀dọ̀ náà lọ bá dókítà ẹran, mo ń bínú sí òògùn. Ó wò ó títí, ó ní: "Ìyá, òògùn yín kò burú o. Ẹ kò béèrè ọjọ́ orí aràn ni."

Albendazole ń pa aràn ẹ̀dọ̀ tó ti dàgbà tán, èyí tó ti tó bí oṣù mẹ́ta. Kò ní agbára lórí ọmọ rẹ̀. Triclabendazole ló ń pa ọmọ, àní èyí tí kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú ara, ó sì ń pa àgbà pẹ̀lú. Nínú oṣù kejì, àwọn tó wà lára ẹran mi kò tíì pé oṣù méjì. Mo fi ohun èlò àgbà bá ọmọ jà.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹran mi bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ń kọ ọ́ sára ògiri ilé ẹran pẹ̀lú èédú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí kẹjọ, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, mo ń fún wọn ní triclabendazole, kí àwọn ọmọ tó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní oṣù kẹrin, mo ń fi òògùn mìíràn tó ń pa àgbà kó èyí tó ṣẹ́kù, kí ìgbẹ́ wọn má baà gbé ẹyin lọ sínú omi tuntun. Ní oṣù kọkànlá, ìgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń gbé lọ fún àyẹ̀wò. Bí kò bá sí ẹyin, n kò fún wọn ní nǹkan kan. Òògùn kan náà tí a bá ń lò léraléra ń mọ́ aràn lára, àwọn ibì kan láyé sì ti wà tí triclabendazole kò ran aràn wọn mọ́. Kí ẹ tó ṣe bíi tèmi, ẹ bá dókítà ẹran tó mọ àdúgbò yín jíròrò.

Wíwọn àti fífún

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo tépù aránṣọ. Ẹ wọn àyà ẹran yípo lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé egungun ìdí. Ẹ sọ àyà di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po gígùn, ẹ pín in sí 10,840. Abo mi kan yí po ní 70, ó sì gùn ní 58: 70 lọ́nà 70 lọ́nà 58 jẹ́ 284,200, tí a bá pín in, ó jẹ́ kílò 26.

Triclabendazole fún àgùntàn jẹ́ mílígíráàmù 10 fún kílò kan, ti màlúù jẹ́ 12. Ti abo yẹn jẹ́ 260. Bí mílílítà kan nínú ìgò yín bá ní mílígíráàmù 50, mílílítà márùn-ún àti díẹ̀ ni. Ti albendazole fún aràn ẹ̀dọ̀ àgbà jẹ́ 7.5 fún àgùntàn, 10 fún màlúù, fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fún abo tó wà ní oṣù àkọ́kọ́ oyún, ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Ẹ ka ara ìgò, nítorí bí wọ́n ṣe pò ó yàtọ̀ síra. Ohun tí mo sọ ṣáájú nípa ẹ̀dọ̀ tí kò lè tètè tú òògùn, ibí yìí ló ti wúlò: ẹ má fi kún un, ẹ má tún un fún wọn lọ́jọ́ kejì.

Nígbà fífún, ẹ má gbé orí ẹran sókè. Kí imú rẹ̀ má ga ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ ki ẹnu síríńjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lókè ahọ́n, kí ẹ tì í díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Òògùn tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ń pa ẹran ju aràn lọ.

Wàrà ńkọ́? Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ṣe wàrà wá sí ọjà wa bi mí léèrè èyí dáadáa. Ara ìgò òògùn ń sọ iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ mu wàrà tàbí jẹ ẹran tó gba òògùn náà, òmíràn sì wà tí kò yẹ kí wọ́n fún ẹran tí ènìyàn ń mu wàrà rẹ̀ rárá. Mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan kún ọjọ́ tí wọ́n kọ fún ẹran tí mo mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́. Àgbò Iléyá tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá ní pé, n kì í fún un lóògùn, n kì í sì í jẹ́ kó dé etí omi.

Lẹ́yìn òògùn

Aràn ti kú, ẹ̀dọ̀ kò tíì wò. Ẹ má da oúnjẹ bò ó lójijì. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mo ń fún wọn, ewé ẹ̀pà àti èérí sóyà ni mo ń jẹ́ kó pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí inú purotéènì ni ẹ̀dọ̀ ti ń rí ohun tó máa fi ṣe albumin àti ẹ̀jẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kó máa dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ lọ́wọ́ kó tó dé abọ́ ẹran bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ lílá wà lára igi. Abẹ́ àgbọ̀n ń fà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú ojú ń pọ́n padà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń kẹ́yìn láti kún. Ẹran tí kò kún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ń tà á fún jíjẹ nígbà tí ọjọ́ òògùn rẹ̀ bá pé, n kì í fi bímọ.

Kí wọ́n má baà tún kó o, mo ń fa omi fún wọn láti inú kànga sínú ọpọ́n tí a gbé sókè. Ewé àbàtà tí mo bá gé, apá òkè ni mo ń gé, mo ń fi ìdí rẹ̀ tó rì sómi sílẹ̀, mo sì ń sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí ẹran tó fẹnu kàn án. Ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Mo ní pẹ́pẹ́yẹ 12 tí mo ń lé lọ sí etí ìṣàn omi ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń jẹ ìṣáwùrú gan-an. Ẹ̀fọ́ tó hù létí omi tí màlúù ń dé, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí aràn yìí ń wọ ènìyàn láti ara ewé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ẹran fúnra rẹ̀ kì í kó aràn ran ẹni tó bá sè é jẹ. Ibi tó ti le, tó ní aràn, baálé mi ń gé e dànù, bó bá pọ̀ ó ń sin gbogbo rẹ̀. Kì í jù ú fún ajá. Ní ti àpò omi tó máa ń so mọ́ ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ àti àgùntàn, èyíinì ń ti ara ajá wá, ara ajá ló sì ń padà sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń sin ín jìn.

Ní Iléyá tó kọjá, mo tọ́ àgbò mẹ́rin. Méjì nínú wọn, ilé wa ni wọ́n ti pa wọ́n. Baálé mi gbé ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀, kò gé e títí mo fi dé. Aràn mẹ́ta ni mo kà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. Àwọn tó ra méjì yòókù ti fún mi ní ọ̀rọ̀ wọn pé bí àwọn bá la inú wọn, àwọn á pè mí kí àwọn tó gbé ẹ̀dọ̀ kaná.